Ìyá Tí Ó Fẹ́ Kí Ọmọ Rẹ̀ Fúyẹ́

Ní Ọ̀sí, ní ọdún 1957, Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n bá ń wọn ọmọ ní dìsìpẹ́ńsárì kì í ṣe ọjọ́ eré. Kò sí ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ tí kò fẹ́ kí tirẹ̀ wúwo ju ti aládùúgbò lọ. Àwọn kan á ti rọ ọmọ lẹ́kọ láti òwúrọ̀ kùtù títí ikùn rẹ̀ á fi le gbandi. Àwọn mìíràn á wọ ẹ̀wù mẹ́ta fún ọmọ nínú ooru. Ti Ṣubúọlá, ìyàwó télọ̀, ló wá peléke: ó so àgádágodo ilé wọn mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọ rẹ̀, ó fi bùbá bò ó, ó wá dúró lórí ìlà, ó ń wòkè bí ẹni tí ń ka ẹyẹ.

Lásárù Adégbìtẹ́ ló ń wọn ọmọ. Ọmọ Ìlọ́fà ni, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tí kò tíì gbéyàwó. Kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n nítorí pé òun ló ń pín oògùn ikọ́ tó sì ń di egbò, Dókítà ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó fọwọ́ wá inú bùbá ọmọ Ṣubúọlá, ó yọ àgádágodo náà, ó gbé e lé orí tábìlì.

"Èyí ńkọ́, Ìyá Ọmọ?" ó ní. "Ṣé òun náà kò tíì já lẹ́nu ọmú?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn.

Obìnrin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tí ń bẹ Ọlọ́run kí ọmọ tirẹ̀ fúyẹ́. Dámárì lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó kàn án, ó bọ́ ẹ̀wù ọmọ rẹ̀, ó tú ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀, ó tilẹ̀ fi etí ìró nu ẹnu rẹ̀ kí ẹ̀kọ tó ṣẹ́kù síbẹ̀ má baà lọ fi kún un. Ìhòòhò goloto ló gbé Jónà sínú òṣùwọ̀n.

"Ìyá Jónà," Lásárù ní, "ṣé kí n bá yín fá irun orí rẹ̀ náà ni?"

Ilé tún bú sẹ́rìn-ín. Dámárì kò rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n ló ń wò, ó sì rí i bó ṣe sáré kọjá ogún, tó lọ dúró sórí ìwọ̀n pọ́n-ùn mẹ́rìnlélógún.

"Yéè! Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ díẹ̀ nínú rẹ̀."

"Kí n yọ kín ni? Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, kí n fi kún un ni wọ́n ń bẹ̀ mí. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ní kí n yọ níbẹ̀."

Ó gbójú sókè, ojú wọn sì ṣe mẹ́rin. Dámárì rò pé yóò tún fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àmọ́ ẹ̀rín ti kúrò lójú ọkùnrin náà. Ó rọra na Jónà sí i, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ẹ dúró dè mí tí mo bá ṣe tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ."

Láti ọjọ́ tí Dámárì ti di opó, kò tíì sí ọkùnrin tó fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ó dúró, kì í sì í ṣe ẹ̀rù nìkan ló dá a dúró.

Nígbà tí ilé dá, ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn dìsìpẹ́ńsárì.

Ibà ló pa Olóyèdé ọkọ rẹ̀ nígbà tí Jónà wà lọ́mọ oṣù mẹ́rin. Ìyá Dámárì ti kú tipẹ́, àǹtí rẹ̀ kan ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin ló tọ́ ọ dàgbà, nítorí náà ilé ọkọ ló jókòó sí. Wọn kò fìyà jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ní òfin tirẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá ṣì wà lẹ́nu ọmú, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dárúkọ ọkùnrin sí ìyá rẹ̀ létí. Ọjọ́ tí wọ́n bá gba ọmú lẹ́nu ọmọ, olórí ilé á pe opó jókòó, á ní kí ó mú ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ilé. Bí kò bá mú, kí ó di ẹrù rẹ̀. Tí ó bá sì di ẹrù, kò ní di ọmọ mọ́ ọn. Ọmọ ilé ni ọmọ.

"Ìyá ọkọ mi ti sọ ọ́ fún mi," Dámárì ní, omi ti ń lé ròrò lójú rẹ̀. "Ó ní ọjọ́ tí mo bá jáde ní ulé yẹn, ẹ̀yìn mi á ṣófo. Jónà ti lé ní ọmọ ọdún méjì. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti já lẹ́nu ọmú. Mo sọ fún wọn nílé pé ẹ̀yin lẹ ní kò tíì wúwo tó."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ má bínú."

Lásárù wo Jónà tó ń fi ẹsẹ̀ kékeré tó ki gbàgìdì gbá èso máńgòrò kiri. Ó mí kanlẹ̀.

"N kò lè kọ irọ́ sórí káàdì, Ìyá Jónà. Tí mo bá kọ irọ́ lónìí, lọ́jọ́ tí àìsàn bá ń ṣe ọmọ ní tòótọ́, ta ni yóò gba ohun tí mo kọ gbọ́? Ṣùgbọ́n àyè ìmọ̀ràn wà nísàlẹ̀ rẹ̀." Ó fa káàdì yọ, ó kọ ọ́, ó sì kà á sókè: "'Kí ó máa jẹun dáadáa. Ọmú ìyá rẹ̀ kò lè pa á lára.' Ṣé irọ́ nìyẹn?"

"Rárá o."

"Ẹ mú un lọ fi han ìyá ọkọ yín."

Dámárì rẹ́rìn-ín dé ilé. Ìyá Olóyèdé, tí Jónà ń pè ní Yèyé, gba káàdì náà, ó yí i sókè, ó yí i sódò, kò mọ̀wé. Nígbà tí Ṣubúọlá aládùúgbò wọn kà á fún un, ó kùn díẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ká máa wò ó."

Láti ìgbà náà ni Dámárì ti ń fi ìka ka ọjọ́ kí Ọjọ́bọ̀ tó pé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí wọ ìró rẹ̀ tó dára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí di irun tuntun. Ó máa ń wá ẹ̀yìn pátápátá lórí ìlà kí òun lè kẹ́yìn.

"Dámárì," Ṣubúọlá bi í lójú gbogbo ayé, "ọmọ ni wọ́n ń wọ̀n níbí ni, àbí ìyá?"

Ojú tì í, inú rẹ̀ sì dùn. Kò lè pa á mọ́ra mọ́: ó fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ó fẹ́ràn bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tó kí ọmọ kékeré. Ó fẹ́ràn bí Jónà ṣe ń sáré dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ṣókòtò, tí Lásárù kì í sì í wò bóyá ọwọ́ ọmọ mọ́.

Lọ́jọ́ kan lábẹ́ máńgòrò náà, Lásárù bi í léèrè, "Kí ni wọ́n fi ń kì yín?"

"Àwẹ̀ró."

"Àwẹ̀ró." Ó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Àwẹ̀ró, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo fẹ́ fi ọ́ ṣaya. Mo ti sọ fún ìyá mi ní Ìlọ́fà."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ṣé ọmọge ti tán ní Ìlọ́fà ni. Mo ní kò tán, àmọ́ kò sí ìwọ níbẹ̀."

Dámárì rẹ́rìn-ín, ẹkún sì dà pọ̀ mọ́ ọn. "Lásárù, olólùfẹ́ mi, gbọ́. Bí mo bá gba ọmú lẹ́nu Jónà, mo lè fẹ́ ọ, ṣùgbọ́n mo pàdánù rẹ̀. Bí n kò bá gbà á, mo ní i, ṣùgbọ́n ta ló ń bá ìyá ọlọ́mú sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó? Orí rẹ á funfun sídìí òṣùwọ̀n yìí, wàá ṣì máa wọn ọmọ mi."

"Jẹ́ kí ó funfun," Lásárù ní.

Ohun kan ń ya Dámárì lẹ́nu. Ẹ̀kọ díẹ̀ ló ń fún Jónà láràárọ̀, síbẹ̀ ọmọ ń ki sí i. Abẹ́rẹ́ lọ sórí márùndínlọ́gbọ̀n, ó lọ sórí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Nígbà tó fi máa di àsìkò iṣu tuntun, ó ti dé orí méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ yọ bọ̀kùbọ̀kù.

Ìyá Olóyèdé náà rí i. Ó dìde lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ó wé gèlè, ó ní, "Ìyàwó, mo ń bá ọ lọ. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu Dókítà fúnra mi."

Dámárì pọn Jónà, ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ìyá àgbà náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ìyá ọlọ́mọ, ó fọwọ́ lérán.

"Dókítà, ọmọ-ọmọ mi yìí, ṣé ó tó já lẹ́nu ọmú àbí kò tó?"

Kí Lásárù tó dáhùn, ìbẹ̀rù ti mú kí Dámárì hu ìwà òmùgọ̀ kan. "Ẹ wò ó, Ìyá," ó ní, "kò lè ṣe kó má mu ún." Ó fa Jónà mọ́ra, ó fún un ní ọmú níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn.

Jónà wo ọmú. Ó wo Yèyé rẹ̀. Ó ti ọmú náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Uyán!" ó ní. "Yèyé, uyán!"

Ni Ṣubúọlá bá fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣé láti ọjọ́ tí Dókítà ti kọ ọ́ pé kí ọmọ máa jẹun dáadáa, ojoojúmọ́ tí Dámárì bá lọ sódò ni ìyá àgbà ń gún iyán wẹ́rẹ́ kan lẹ́yìnkùlé, tí ń fi ọbẹ̀ ẹ̀gúsí bọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ìyá ń jìjàdù kí ó fúyẹ́, ìyá àgbà ń jìjàdù kí ó wúwo.

"Ó dáa," Ìyá Olóyèdé ní. Kò bínú, ìyẹn ló sì ba Dámárì lẹ́rù jù. "Ọmọ ti gba ọmú lẹ́nu ara rẹ̀. Ká máa lọ ulé."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá Ògúndípẹ̀, olórí ilé, pe Dámárì jókòó gẹ́gẹ́ bí àṣà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ní ìyàwó méjì, àwọn méjèèjì sì dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ń wúkọ́.

"Dámárì, ta lo mú nínú àwọn ọkùnrin ilé?" ó bi í, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe dárúkọ òun.

Dámárì kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Mi ò rí ẹni mú nínú ilé yìí. Mo ní ẹni tí ọkàn mi fẹ́. Lásárù ni, ọmọ Ìlọ́fà."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run!" Bàbá Ògúndípẹ̀ ní kí ó tó rántí ipò rẹ̀. Ó wúkọ́. "Mo ní, a ti gbọ́."

Ìyá Olóyèdé kò rẹ́rìn-ín. "Kó máa lọ fẹ́ ẹ. Jónà kò lọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni Lásárù wọlé. Kò yà sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ló lọ tààrà, níbi tó ti ń bó iṣu, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀.

"Ìyá, ọmọ yín obìnrin ni mo wá tọrọ."

"N kò bí obìnrin. Ọkùnrin kan ni mo bí, ó sì ti lọ."

"Dámárì ni mo ń sọ, Ìyá. Kò ní ìyá mìíràn. Bí ẹ bá fún mi, ẹ̀yin ni àna mi. Ọmọ Olóyèdé ni Jónà, títí tí èmi náà á fi kú, n kò ní fi orúkọ mi pè é. Mo ti rí yàrá méjì ní ilé kẹta sí ibí yìí. Ẹ pè mí ní àárọ̀, ẹ pè mí ní ọ̀sán, màá jẹ́ yín."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ ìyá àgbà. "Ta ni yóò máa wá jẹ uyán mi?" ó ní. Ìgbà náà ló yé Dámárì, tó wà lẹ́yìn ògiri, pé obìnrin yìí kò fẹ́ fìyà jẹ òun. Ọmọ tirẹ̀ ló kú. Jónà ló kù.

Ìyá àgbà kò tíì gbà fún Lásárù. Ó ní kí Dámárì lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Ọ̀pin kí ọmọ lè gbàgbé ọmú pátápátá, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Dámárì wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo ní tòótọ́. Lọ́nà, ọwọ́ rẹ̀ ṣáà ń lọ sí ẹ̀yìn láti gbá ìdí ọmọ tí kò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹwàá, ó ń sá ẹ̀gẹ́ níwájú ilé àǹtí rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró. Ìyá Olóyèdé ló sọ̀ kalẹ̀, Jónà wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ẹ̀wù gbọ̀ọ̀rọ̀. Dámárì sáré dé ibẹ̀, kò rántí kí ìyá ọkọ rẹ̀. Ó gba ọmọ, ó fi ojú pa ojú rẹ̀. Ọmọ náà ti rù díẹ̀. Ó rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já a.

Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó gbé àgádágodo kan jáde, ó fi lélẹ̀.

"Ti Ṣubúọlá ni," ó ní. "Mo yá a."

"Ìyá, kí lẹ fi ṣe?"

"Láti ọjọ́ tí o ti lọ, Jónà kò jẹ uyán mi. Mo gún un, mo gún un. Mo fi ẹran sí i. Á kàn máa wo ẹnu ọ̀nà. Ojú tì mí. Lánàá Ọjọ́bọ̀, mo wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù fún un, mo so àgádágodo mọ́ ọn nídìí, mo gbé e lọ bá Dókítà, kí wọ́n má baà sọ pé èmi ni mo pa á lébi."

"Ó rí àgádágodo náà?"

"Kí ni kì í rí! Ó yọ ọ́ kúrò. Abẹ́rẹ́ wá lọ sílẹ̀, kò dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ní, 'Dókítà, oògùn wo la ó fún un?' Ṣé o mọ̀ pé ó lè parọ́ fún mi? Ó lè ní kí n fi sílẹ̀ fún òun. Ó ní, 'Ìyá, oògùn rẹ̀ wà ní Ọ̀pin. Bó bá dé, ẹ jẹ́ kó máa jẹ iyán yín náà, nítorí òun ló jẹ́ kó ki bẹ́ẹ̀.'"

Ó fi etí ìró nu ojú.

"Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní gba ọmọ-ọmọ lọ́wọ́ mi. Sọ fún un kí ó lọ mú àwọn èèyàn rẹ̀ wá."

Dámárì wólẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, ó ń sunkún. Jónà ti sọ̀ kalẹ̀ ní tirẹ̀, ó ń wo inú apẹ̀rẹ̀ tí Yèyé rẹ̀ gbé wá.

"Uyán?" ó bi í.

Ẹ̀rín pa àwọn obìnrin méjèèjì.

Oṣù kejì, àwọn èèyàn Ìlọ́fà kún ilé Bàbá Ògúndípẹ̀ fún ìdána. Ìyá Lásárù fajú ro díẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n Jónà lọ jókòó sí i lẹ́sẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pè é, kò sì pẹ́ tó fi ń fi àkàrà bọ́ ọ. Nígbà tí àdúrà kàn, alága wọn bèèrè pé, "Ìyá ìyàwó dà?"

Gbogbo èèyàn mọ̀ pé ìyá Dámárì ti kú. Àǹtí rẹ̀ láti Ọ̀pin fẹ́ dìde. Ìyá Olóyèdé fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n dìde." Ó dìde. Lásárù dọ̀bálẹ̀ fún un, òun àti gbogbo ọkùnrin tó bá a wá.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wá kan kí wọ́n sin ìyàwó lọ sílé ọkọ. Dámárì sunkún bí ìyàwó ti ń sunkún.

"Ìyàwó, ibo lò ń lọ gan-an?" Ṣubúọlá pariwo. "Ilé kẹta mà ni!"

Ibẹ̀ ni ìyá àgbà ti pè é láti ẹnu ọ̀nà. Láti ọjọ́ tí Dámárì ti wọ ilé náà, ìyàwó ló máa ń pè é, kò pè é lórúkọ mìíràn rí.

"Ìyà..." ó ní, ó sì dúró. "Dámárì, ọmọ mi. Padà wá."

Dámárì padà. Ìyá àgbà tú ọ̀já ìdí ara rẹ̀. Ó gbé Jónà, ó pọ̀n ọ́n sí ẹ̀yìn ìyàwó lórí aṣọ òfì tuntun, ó fi ọ̀já náà gbá a, ó so ó ní ìlọ́po méjì, ó sì fọwọ́ fà á wò bóyá ó le.

"Máa rọra rìn," ó ní. "Ó ti wúwo."